Tábìlì Kan, Òǹtẹ̀ Mẹ́rin: Iṣẹ́ Ìrànwọ́ Tí Àwọn Ìjọ Dà Pọ̀ Ṣe ní Kàbà

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí, láti oṣù Kejì ọdún yìí títí di ìsinsìnyí. Ìsìn kọ́ ló gbé mi lọ. Tábìlì kan ni mo wá, èyí tí ìjọ Kátólíìkì, Áńgílíkà, ECWA àti Onítẹ̀bọmi jọ gbé kalẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń jókòó, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àyàfi owó ẹ̀dà ìwé tí ènìyàn fúnra rẹ̀ á lọ san níta. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé lọ bá wọn: ọ̀kan ti yọrí, èkejì ṣì há síbi kan. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, kí ẹni tó bá ń gbèrò láti lọ má bàa lọ pẹ̀lú ìrètí tí kò tọ́.

Bí ènìyàn bá dé, nọ́ńbà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ fún un sórí páálí pélébé kan, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, ìbáà ṣe olóyè, ìbáà ṣe alágbàro. Ohun kékeré kọ́ ni èyí ní ìlú wa, níbi tí ẹni tó wọ agbádá kì í ti í tò sẹ́yìn ẹni tó ru igi. Ojú mi ni ọkùnrin kan tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì dé ṣe fẹ́ wọlé tààrà, tí akọ̀wé sì fi ọ̀wọ̀ nawọ́ sí bẹ́ǹṣì fún un. Akọ̀wé yìí, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ni mo fẹ́ yìn jù nínú gbogbo wọn. Ó kí mi pé, “Òkun o, Bàbá,” ó sì jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi tán ní èdè Owé, èdè ìbílẹ̀ Kàbà, kí ó tó mú bírò. Ìbéèrè mẹ́ta ló wá bi mí: Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀? Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín? Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún yín gan-an? Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè dáhùn, nítorí ìbínú ni wọ́n gbé wá láti ilé, wọn kò tíì ronú kan ohun tí wọ́n fẹ́ gbà.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, wọ́n á sì fún un ní ọjọ́ méje. Bí ó bá wá, aṣojú ìjọ méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níbi ìjókòó náà, ohun tí a bá sì fẹnu kò sí, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Bí kò bá wá, tàbí tí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wọn lọ, agbẹjọ́rò kan wà tó ń ti Lọ́kọ́jà wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun ni yóò sì sọ bóyá kí a gba ọ̀dọ̀ Legal Aid Council lọ, ìyẹn àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 fún ẹni tí kò lágbára àtigba lọ́yà. Ní ti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ìwé kan wà lára ògiri wọn tó ṣàlàyé abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa: bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan; bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí ìgbà tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu. Ìwé yẹn nìkan ni wọ́n kọ ní Yorùbá nínú gbogbo yàrá náà, n ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó mú kí tábìlì yìí yàtọ̀ sí gbogbo ibi tí a ti ń parí ìjà ní ìlú wa ni lẹ́tà rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ mẹ́rin ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrá dé Mọ̀pà, inú agbo ilé kan náà ni o ti lè bá Kátólíìkì, Áńgílíkà, ọmọ ìjọ ECWA àti Mùsùlùmí. Bí ìyàwó bá gbé ẹjọ́ lọ bá pásítọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ á ní pásítọ̀ ìyàwó kọ́ ni yóò kọ́ òun ní bí a ṣe ń ṣe ilé bàbá òun, nítorí pé ọ̀dọ̀ Fadá ni òun ń lọ. Nígbà tí Fadá àti pásítọ̀ bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan náà, ihò tí ẹni náà ń gbà sá ti dí. Kò sí ìjọ tí yóò sá lọ tí lẹ́tà náà kò ní bá a níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní agbègbè wa yóò mọ̀ pé èyí kò rọrùn. Ọdún 1908 ni àwọn míṣọ́nnárì SIM dé Ẹ̀gbẹ̀, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ sì di ECWA ní 1954. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ yọjú sí ilé ìjọsìn àwọn kejì, kódà bí ó jẹ́ pé ìgbéyàwó ọmọ ìyá ẹni ni. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ CAN, tó kó àwọn ìjọ Kristẹni Nàìjíríà pọ̀, ti wà láti 1976, tí Kátólíìkì wà ní ẹ̀ka tirẹ̀, tí ECWA wà ní ẹ̀ka mìíràn, tí wọ́n sì jọ ń pe ara wọn ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan tí mo mọ̀ mọ́ wọn jù ni èyí tó máa ń hàn nígbà tí gómìnà bá pe àdúrà. Ti orí tábìlì yìí ni àkọ́kọ́ tí mo lè fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ tó yọrí ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ kú tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Kí òkú tó pé ogójì ọjọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ti gba oko kajú tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Wọ́n ní obìnrin kì í jogún oko, wọn yóò máa bá ọmọkùnrin náà tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi gbọ́njú. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń dà. Oṣù Kejì ni mo mú un lọ, nígbà tí èso ti ń já bọ́, tí àwọn oníṣòwò sì ti ń gbé òṣùwọ̀n káàkiri abúlé.

Ìjókòó mẹ́ta ni wọ́n bá wa jókòó. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn kò bá àwọn àna rẹ̀ jà lórí àṣà. Fadá béèrè lọ́wọ́ èyí tó dàgbà jù nínú wọn bóyá ọmọ àbúrò rẹ̀ ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ọmọ ló ń jogún bàbá ní ilẹ̀ wa àbí ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin náà sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà náà ni aṣojú ìjọ ECWA wá sọ fún wọn pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ ìdílé Ukeje, pé a kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ọmọ jẹ́ obìnrin kí a má fún un nínú ogún bàbá rẹ̀. Pé àṣà Ìgbò ni ẹjọ́ náà dá lé, àmọ́ ìwé òfin tí wọ́n fi dá a, tiwa náà ni. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń ka ìkéde. Nígbà ìjókòó kẹta, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ìyá máa kórè oko náà fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì lọ fi okùn wọn ààlà. Àpò kajú mẹ́rin tí wọ́n ti kó tà kí a tó débẹ̀ ni a kò rí gbà padà. Akọ̀wé gbà wá níyànjú pé kí a fi í sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Mo gbà, ṣùgbọ́n n kò gbà á tọkàntọkàn, nítorí ẹni tó jalè tó sì rí i pé kò sí ìyà níbẹ̀ ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwọn àléébù kan wà tí wọ́n lè tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí wọ́n bá fẹ́. Fọ́ọ̀mù wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú ìwé méjì, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá kò lè kà á; akọ̀wé ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí ìlà fi máa ń falẹ̀. Èkejì, kò sí yàrá àṣírí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ òun nígbà tí òun ń ṣọ̀fọ̀, ẹgbẹ́ akọrin sì ń ṣe ìdánrawò lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí àwọn méjì nínú wọn ti dákẹ́ orin tí wọ́n ń tẹ́tí. Ẹ̀kẹta, bí ìjọ kan nínú mẹ́rin bá ní àpéjọ ọdọọdún, gbogbo tábìlì ló ń kógbá. Nínú oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn kò fi jókòó, wọn kò sì lẹ ìwé kankan mọ́ ilẹ̀kùn. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tó ti Bùnú wọkọ̀ wá, tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ní ti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó máa ń gba ìdajì wákàtí, n kò ní sọ púpọ̀. Ọmọ Ọlọ́run ni èmi náà, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n ní.

Àléébù tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ mi kejì. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé mi ṣiṣẹ́ fún oṣù márùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì náírà ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn lóṣù, oṣù méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n san, oṣù mẹ́ta ló kù, ìyẹn ₦135,000. Òfin owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 sọ pé ₦70,000 ni, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò sì ní ju mẹ́jọ lọ. Àdéhùn ẹnu nìkan ni asà rẹ̀. Akọ̀wé kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ tí a débẹ̀. Òǹtẹ̀ mẹ́ta wọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Òǹtẹ̀ kẹrin gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, mo kàn mọ̀ pé ọ̀gá tó ni ibi búlọ́ọ̀kù yẹn jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ń pè sí iwájú nínú ìjọ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ pẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé. Nígbà tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀, ó san ₦60,000, ó sì ní kí a máa fara balẹ̀ fún ìyókù. Agbára tí mo yìn lókè yẹn, agbára òǹtẹ̀ mẹ́rin, ibẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀ wà: bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò nílò láti bá ìjọ mẹ́rin sọ̀rọ̀, ọ̀kan péré ti tó o.

Bí mo ṣe ń dúró de òǹtẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ènìyàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, nítorí iṣẹ́ tíṣà kì í kúrò lára ènìyàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwa mọ́kànlá ni a wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ tí wọn kò san ni ó gbé méje wá. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni wà níbẹ̀, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tajà fún oníṣòwò náà sì wà níbẹ̀. Oníkálùkù gba nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà méje, bí ẹni pé ìṣòro méje ni.

Ohun tó jọ èyí gan-an ni ó la àwọn pásítọ̀ kan lójú ní Baltimore, ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1977 ni àwọn ìjọ ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ti kó ara wọn jọ láti oríṣiríṣi ẹ̀ya ìjọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BUILD. Wọ́n ń pín oúnjẹ fún aláìní, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti máa ń ṣe. Àmọ́ nígbà tí ó yá, wọ́n kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tò fún oúnjẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń ṣe ìmọ́tótó, síbẹ̀ owó oṣù wọn kò lè bọ́ wọn. Àwọn pásítọ̀ náà wá bi ara wọn léèrè pé ta gan-an ni àwọn ń ràn lọ́wọ́: òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa ni àbí ọ̀gá tó ń san owó tí kò tó jẹun? Wọ́n pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú lọ, nígbà tó sì di ìparí 1994, òfin jáde pé agbaṣẹ́ṣe tó bá ń gba owó ìlú kò gbọ́dọ̀ san ohun tó kéré sí iye kan fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Dọ́là 6.10 fún wákàtí kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1995, nígbà tí ti òfin àpapọ̀ wọn jẹ́ 4.25. Wọn kò pa ibi oúnjẹ náà tì. Wọ́n kàn béèrè ibi tí ìlà náà ti ń wá ni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bákan náà ni. Ìbátan mi kan tó ń tún ọ́fíìsì ṣe lóru ní ìlà-oòrùn ìlú yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ẹgbẹ́ TELCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Kátólíìkì, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, ilé-ẹ̀kọ́ àti mọ́ṣáláṣí ló jọ wà nínú rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo owó tó lè gbé ènìyàn ró, tí wọ́n ń tọ àwọn báńkì ńlá ní Canary Wharf lọ nítorí àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ọgbọ́n wọn rọrùn láti ṣàlàyé: wọ́n á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jọ sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n á pe ọ̀gá tàbí olóṣèlú tí ọ̀rọ̀ kàn wá sórí pèpéle, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ á ròyìn ohun tó ń gbà, wọ́n á sì béèrè lójú gbogbo ayé bóyá ẹni náà yóò san án àbí kò ní san án. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Ọdún 2005 ni ọ́fíìsì olórí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye owó náà lọ́dọọdún. Èyí tí wọ́n kéde ní ìparí 2024 jẹ́ pọ́ùn 13.85 fún wákàtí kan, nígbà tí òfin orílẹ̀-èdè wọn ṣì wà ní 11.44. Ní 2012, àpéjọ àgbà ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé kí àwọn ìjọ tiwọn náà máa san irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé Kàbà kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù; kò sí báńkì tí a lè fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà, ọ̀gá tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ìlú wa náà ń jẹ gbèsè sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìjọ mẹ́rin tó lè kọ lẹ́tà méje kò lè pe gbogbo àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àwọn oní búrẹ́dì àti àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sí gbọ̀ngàn kan náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, kí wọ́n ní kí oníkálùkù sọ ọjọ́ tí yóò máa san owó oṣù? Mo bi ọ̀kan nínú àwọn aṣojú wọn ní ìbéèrè yìí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ mọ̀ pé àwa náà ní ilé-ẹ̀kọ́.” Mo mọ̀. Mo sì mọ iye tí wọ́n ń san fún olùkọ́ níbẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àwọn méje orí bẹ́ǹṣì ọjọ́ yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ti wá.

Nǹkan méjì mìíràn ṣì kù tí tábìlì náà ṣaláìní. Lẹ́yìn akọ̀wé, kò sí obìnrin kankan nínú àwọn tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ opó kì í wọ́n níbẹ̀. Èkejì, àwọn Mùsùlùmí ń wá, wọ́n sì ń dá wọn lóhùn láìsí ojúsàájú, n kò lè parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn bá jẹ́ Mùsùlùmí, òǹtẹ̀ mẹ́rin yẹn kò ní ìtumọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ karùn-ún láti ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù ni yóò dí ihò yẹn.

Bí ó bá jẹ́ ìwé ìdánwò ni, n ó fún akọ̀wé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, n ó fún ọ̀rọ̀ ogún àti ilẹ̀ ní mẹ́jọ, n ó sì fún ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ní mẹ́rin. Opó tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lọ síbẹ̀ lónìí, kí ó má dúró di ìgbà ìkórè. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù náà, kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wádìí ìjọ tí ọ̀gá rẹ̀ ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí èmi àti ọmọkùnrin náà padà wá nítorí ₦75,000 tó kù. A ó tètè dé, torí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bẹ́ǹṣì ti máa ń kún. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ, ìkọjá ọjà ni.